"NǸKAN OṢÙ" ÀTI "ÀṢẸ́": ÌTUMỌ̀, PÍPÈ ÀTI ORÍSUN ỌRỌ̀ MÉJÌ TÍ OLÙKỌ́ Ń SÁ FÚN

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TP. Iṣẹ́ Yorùbá ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Àyọkà tí ó mú wá dá lórí ìlera àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn kankan sí i. Nígbà tí ó kà á dé ibì kan, ó ní ọmọbìnrin tí ó bá ti bàlágà "yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣẹ". Bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ náà jẹ oyè ni ó ṣe pè é. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni wọn yóò máa pàṣẹ fún?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ wa wo ìwé, ó wò mí, òógùn bò ó. Ó ní, "Nǹkan yẹn ni. Ẹ óò mọ̀ ọ́n tí ẹ bá dàgbà." Ó ṣí ojú ewé tí ó kàn.

Àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì yẹn yóò tó ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá. Ó dájú pé àwọn kan nínú wọn ti ń rí ohun tí olùkọ́ wọn kò lè dárúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé ara wọn fún wọn di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, olùkọ́ sì tún sọ fún wọn pé wọn kò tíì dàgbà tó láti gbọ́ nípa ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Pépà yìí dá lórí ọ̀rọ̀ méjì tí Yorùbá ń lò fún ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin máa ń rí láti ìgbà dé ìgbà: nǹkan oṣù àti àṣẹ́. Èrò mi ni pé nǹkan oṣù sọ ìgbà fún wa ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Àṣẹ́ dárúkọ nǹkan náà gan-an, ṣùgbọ́n àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú mọ́ wa lọ́wọ́. Olùkọ́ tí yóò bá lo èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó fi pa mọ́. Nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí a jọ péjọ níbí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, n óò máa ya sí ọ̀dọ̀ Hausa àti Igbo níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé.

Ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an

Kí á tó tú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí. Inú ilé-ọmọ ní àwọ̀ kan tí ó tẹ́ ẹ. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọ̀ yìí yóò máa nípọn, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa pọ̀ nínú rẹ̀, ní ìmúrasílẹ̀ fún oyún. Ẹyin kan yóò jáde wá. Bí ẹyin yìí kò bá pàdé àtọ̀ ọkùnrin kí oyún sì dúró, àwọn họ́mọ̀nù tí ó mú kí àwọ̀ náà nípọn yóò lọ sílẹ̀, àwọ̀ náà yóò já, yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ gba ojú ara jáde. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí tí ara ń dà nù. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ méjì sí méje. Bí ó ti ń dẹ́rù ba ọmọdé tó nì, gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ṣíbí ìpotíì mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12 tàbí 13, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè rí i ní ọmọ ọdún 9, ẹlòmíràn ní 15. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ó sábà máa ń dáwọ́ dúró.

Ẹ kíyè sí ọmọ ọdún 9 yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣì wà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè jẹ́ ti olùkọ́ Báyọ́lọ́jì nìkan.

"Nǹkan"

Orísun ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ohun kan ni ó di nǹkan. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa kò gbọ́ kan inú rẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí oye, èyí ni ó fi ṣeé ṣe láti sọ pé nǹkan kan, kí á tún sọ pé nǹkan méjì, láìsí ẹni tí yóò rò pé a ka oye lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti pípè, sílébù mẹ́ta ni: n-ǹ-kan. Ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín. Àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ kọ́ńsónáǹtì aránmúpè tí ó dá dúró bíi sílébù láìní fáwẹ̀lì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá sábà máa ń há fáwẹ̀lì sáàárín wọn, a óò wá gbọ́ "nánkàn". Kò pọn dandan. Kí ẹni náà di ètè rẹ̀ ní sísí, kí ó jẹ́ kí ohùn gba imú jáde, kí ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó pe kan. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, nkan ni wọ́n máa ń kọ. Àkọtọ́ tí a ń lò láti ọdún 1974 ni ó sọ ọ́ di ìwà pé kí á kọ aránmúpè méjèèjì sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju pípè lọ ni ìdí tí àwọn baba ńlá wa fi yan nǹkan. Àdàpè ọ̀rọ̀ ni. Yorùbá kì í pe ṣànpọ̀nná lórúkọ gbangba. Ilẹ̀ẹ́gbóná tàbí Olóde ni wọn yóò wí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ejò di okùn ilẹ̀. Ọba kì í kú, ó ń wàjà. Nǹkan sì ni aṣọ tí a sábà máa ń dà bo ẹ̀yà ara àti ìṣe ara: nǹkan ọmọkùnrin, nǹkan obìnrin, nǹkan oṣù. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nínú ilé mọ ohun tí à ń wí.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó máa ń sọ pé ìtìjú nìkan ni ó bí àdàpè yìí. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Láàárín àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í sún mọ́ ibi tí wọ́n kó oògùn sí, nítorí wọ́n gbà pé agbára rẹ̀ ní àsìkò náà lè ba oògùn jẹ́. Ẹni tí a kà sí aláìlágbára kọ́ ni a ń sá fún báyìí. Ṣùgbọ́n ohun yòówù tí ó bí àdàpè, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe nínú kíláàsì: ó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, ìyá, ìyá àgbà àti àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀ tí yóò pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò ṣí aṣọ lórí ọ̀rọ̀ fún un, tí yóò sì fi bí wọ́n ṣe ń ká àkísà hàn án. Ọmọ tí ó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nìkan ní ìlú òkèèrè kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a dà bo ọ̀rọ̀ ni yóò rí. Kò ní mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni ó máa ń bá nǹkan oṣù rìn. A lè sọ pé obìnrin ń ṣe é, a sì lè sọ pé ó rí i. Ṣe ń tọ́ka sí gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wá. Rí ń tọ́ka sí ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń béèrè, kì í ṣe ọjọ́ tí ó parí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ìyá dá irú ìbéèrè yìí lóhùn pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dá, èyí sì lè fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ ìṣirò oyún. Ọ̀rọ̀ ìṣe kékeré kan ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ èdè kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ yẹn.

"Oṣù"

Ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni oṣù ní. Lónìí, bí a bá gbọ́ ọ, kàlẹ́ńdà ni ó ń wá sí wa lọ́kàn: oṣù kìíní, oṣù kejì, owó oṣù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tàn lójú ọ̀run ni oṣù ń tọ́ka sí kí ó tó di ohun tí à ń kà lórí ògiri. A ṣì ń sọ pé oṣù lé. Àwọn Mùsùlùmí ṣì ń wòye oṣù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò lé, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Yorùbá rí i pé ohun tí ó ń ṣe obìnrin ń lọ, ó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí oṣù ojú ọ̀run ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. A kò dá wà nínú èyí. Menses tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò, inú èdè Látìn ni ó ti wá, láti ara mensis, tí ó túmọ̀ sí oṣù.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí á dúró díẹ̀, nítorí ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Nígbà tí oṣù kúrò lójú ọ̀run tí ó bọ́ sínú kàlẹ́ńdà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé nǹkan oṣù gbọ́dọ̀ máa wá ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, bí owó oṣù. Ara kò mọ kàlẹ́ńdà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé títí di ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó tún dé ni a ń kà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún fún àyájọ́ ìmọ́tótó nǹkan oṣù lágbàáyé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ka ọjọ́ 21, ó sì lè ka 35. Ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè kà á dé 45 ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi kàlẹ́ńdà wò ó. Ọmọ kan ń ka ọjọ́ 26. Ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní. Yóò tún rí i ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní kan náà. Ìgbà méjì nínú oṣù kan! Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ọ̀rọ̀ nìkan ni a fi kọ́ ọ, ẹ̀rù yóò bà á, yóò rò pé àìsàn ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọmọ kejì ń ka ọjọ́ 45. Ó rí i ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ni yóò tún rí i. Gbogbo oṣù kejì lọ láìrí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ tí ó ń fi ojú ṣọ́ páàdì nínú ilé yóò pè é sínú yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí ìyá yẹn ń bẹ̀rù, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún un tí ó fara kọ́ ọ̀rọ̀ wa yìí: ó ti fẹ́ra kù. Gbogbo wa mọ̀ pé ó túmọ̀ sí pé ó ti lóyún, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí. Bí mo bá wá ohun kan tí n kò rí i, mo fẹ́ ẹ kù. Obìnrin tí ó fẹ́ra kù ni obìnrin tí ó retí ohun kan lára rẹ̀ tí kò rí i. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí: nǹkan oṣù tí kò wá ni ara tí ó fẹ́ kù. Ẹ wò ó bí èdè ṣe tún bò ó, tí kò sọ ẹ̀jẹ̀, tí kò sọ oyún, síbẹ̀ tí ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ bí a ti ń ka ọjọ́ ara rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ pé ó fẹ́ra kù, nígbà tí kò fẹ́ ohunkóhun kù.

Àmọ́, ó ní ìgbà tí ó yẹ kí á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn: bí ẹ̀jẹ̀ bá ju ọjọ́ méje lọ, bí ó bá ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan tàbí méjì, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìrí i lẹ́yìn tí ó ti ń rí i, bí ọmọ bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rárá, tàbí bí inú rírun bá le débi tí kò lè lọ sí ilé ìwé. Ọmọ kò lè sọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí fún wa bí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́.

"Àṣẹ́"

Èyí ni ọ̀rọ̀ àtijọ́, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ wa sì pè ní àṣìpè. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè: à-ṣẹ́. Àwọn àgbà àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó kù tí ó ń lò ó. Wọn a ní obìnrin ń ṣàṣẹ́, tàbí pé àṣẹ́ rẹ̀ ti dúró. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ kò gbọ́ ọ rí, àní àwọn tí ó ti ìlú Yorùbá wá.

Bí a bá yọ àmì kúrò, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àṣẹ, ìsàlẹ̀ àti àárín, ni ohun tí ọba ń pa. Àṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ obìnrin. Asẹ́, àárín àti òkè, ni ohun tí a fi ń sẹ́ ògì. Àsè, ìsàlẹ̀ méjèèjì, ni a ń sè fún àlejò. Ẹni tí kò ní ṣ nínú ẹ̀ka èdè rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, yóò pe àṣẹ́ ní "àsẹ́", ohùn orí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan ni yóò sì kù láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára asẹ́ ògì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ ti bi mí rí bóyá ara àṣẹ́ ni aṣẹ́wó ti wá. Rárá o. Owó ni ó wà nínú ìyẹn: ẹni tí ó ń ṣẹ́ owó. Ìbéèrè yẹn kọ́ mi pé bí ọ̀rọ̀ kò bá ní ilé nínú èdè ọmọ, ọmọ yóò wá ilé fún un, ilé tí ó bá sì kọ́kọ́ rí lè jẹ́ ilé tí kò dára.

Ní ti ìṣẹ̀dá rẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni mo rí nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe ṣẹ́, bí a ti ń ṣẹ́ igi, bí a sì ti ń rí i nínú ṣẹ́yún. Ohun tí ó ṣẹ́ kúrò lára ohun mìíràn. Bí a bá rántí àwọ̀ inú ilé-ọmọ tí ó ń já, ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ mu ju nǹkan oṣù lọ fíìfíì.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé àṣẹ àti àṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, pé Yorùbá fi èyí hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni agbára wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ara ọ̀rọ̀ ni. Igbá kò di igba nítorí pé lẹ́tà wọn bára mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi agbára obìnrin hàn ní ẹ̀rí púpọ̀ tí ó lè mú wá láìfi ìwé aláìlámì ṣe ìpìlẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò, àti àwọn aládùúgbò wa

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, lo ìṣe obìnrin níbi ìtàn Rákélì àti àwọn ère bàbá rẹ̀. Àdàpè ni èyí náà, ṣùgbọ́n kò wọ ẹnu àwọn ènìyàn. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, a máa ń gbọ́ háílà. Láti inú Lárúbáwá ni, ó sì gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá: ohùn Lárúbáwá tí ó wà ní ìparí ḥayḍ ni Hausa sọ di l, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ qāḍī di alkali. Bàlágà tí gbogbo wa rò pé ó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, Lárúbáwá ni òun náà. Ó túmọ̀ sí kí ènìyàn dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé a kò gbọdọ̀ yá ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí ti pẹ́ jù. A ti yá a, a sì ti gbàgbé pé a yá a.

Hausa tún ní jinin al'ada, ẹ̀jẹ̀ àṣà, ìyẹn ohun tí ó máa ń wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Igbo ní nsọ nwanyị. Nsọ yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ èèwọ̀ àti iṣẹ́ mímọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń sọ pé obìnrin rí i, bí àwa náà ti ń sọ. Ẹ wò ó bí ó ti rí: Yorùbá wo ojú ọ̀run, Hausa wo ìṣe, Igbo wo èèwọ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jini Hausa nìkan ni ó dárúkọ ẹ̀jẹ̀. Nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó pọ̀ sí, bí irú èyí tí à ń kọ́ ní agbègbè yìí, olùkọ́ lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè ohun tí wọ́n ń pè é nílé. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ kò pẹ́ tí ó fi tán. Àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ni ó kù, àwọn ọkùnrin sì wà nínú rẹ̀.

Nínú kíláàsì

Àwọn kan ti dábàá pé kí á ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, irú bí ìṣànẹ̀jẹ̀ olóṣooṣù. N kò fara mọ́ ọn. Nǹkan oṣù wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, láti ọjà dé ilé ìwòsàn; ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò kò ṣeé lé kúrò ní kíláàsì. Ohun tí ó yẹ ni kí á má dúró níbi nǹkan. Ní gbàrà tí olùkọ́ bá ti pè é, kí ó sọ ohun tí ó jẹ́. Èmi máa ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: nǹkan oṣù, tí àwọn àgbà ń pè ní àṣẹ́, ni ẹ̀jẹ̀ àti àwọ̀ inú ilé-ọmọ tí ó máa ń gba ojú ara obìnrin jáde ní ìgbà tí oyún kò bá sí. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ilé-ọmọ wà níbẹ̀, ojú ara wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ kò bá lè pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí láìwo ilẹ̀, kí ó fi wọ́n kọ́ ẹnu rẹ̀ nílé kí ó tó wá.

Kí á má sì lé àwọn ọmọkùnrin síta. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe nìyẹn: wọn a kó àwọn ọmọbìnrin sínú yàrá kan, wọn a ní kí àwọn ọkùnrin lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin tí a lé síta ni yóò nàka sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Òun náà ni ó máa di bàbá tí yóò máa dá gbé ọmọbìnrin ní ìlú òkèèrè, tí wọn yóò rán lọ ra páàdì. Ìjọba pàápàá ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti obìnrin nìkan: Òfin Ìṣúná ọdún 2019 ti yọ páàdì tí wọ́n bá ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí kúrò lára ọjà tí à ń san VAT lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ṣì ga ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ.

Ní ti àwọn ìwé tí à ń kọ fún ilé ẹ̀kọ́, àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà lórí wọn, ó kéré tán lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀rín tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ wa nìkan. Wọ́n fún un ní "ase" lásán. Ó sì pè é ní ọ̀nà tí ó mọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ní òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, pé òun ní àbúrò obìnrin méjì, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. A fi pẹ́ńsùlù fi àmì sórí àyọkà náà láti òkè dé ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó padà sí kíláàsì kan náà, ó kọ àṣẹ, àṣẹ́, asẹ́ àti àsè sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ pè wọ́n tẹ̀ lé òun. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n asẹ́ ògì ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ó ṣàlàyé tán, ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó béèrè pé bí ó bá wá lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan ńkọ́, ṣé àìsàn ni? Olùkọ́ náà yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní kí ó wá fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ àkọ́kọ́.